Bí Ẹ̀rọ Ṣe Gé Orúkọ Àrẹ̀mú

Lọ́dún 1988, kọ̀ǹpútà tó wà nílùú Ọ̀yọ́ kò pọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kò sì tó kọ̀ǹpútà náà. Raliat Oyèdèjì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Ọ́fíìsì Alàgbà Bámgbóṣé ní Owódé ló ti ń ṣiṣẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta páànù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n ń pè ní prógíráàmù. Ilé ẹ̀kọ́ ń gbé èsì ìdánwò wá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wá, ìjọ kan tilẹ̀ gbé orúkọ àwọn akọrin rẹ̀ wá. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Iṣẹ́ ńlá kì í sú Raliat. Ohun tó ń sú u ni àwọn nǹkan kéékèèké: bí a ṣe ń yọ àlàfo tó bá ṣìnà wọ àárín orúkọ, bí a ṣe ń to orúkọ ní a-b-d, bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé oṣù kẹfà kì í ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Kò sí prógíráàmù tí kì í bèèrè wọn, gbogbo ìgbà tí Raliat bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, á tún gbogbo wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga tuntun ní gbogbo ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́.

Alàgbà Bámgbóṣé kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí a kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìmẹ́lẹ́ ni.

"Ṣé ọbẹ̀ àná lo máa ń gbé fún àlejò ni?" ló bi í.

"Ọbẹ̀ kọ́ ni, sà. Ọ̀bẹ ni," ni Raliat dá a lóhùn. "Ọ̀bẹ kan náà la fi ń gé ẹran lójoojúmọ́."

Alàgbà ro ọ̀rọ̀ náà títí. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Raliat lọ wò ó bóyá epo ṣì wà nínú jẹnẹrétọ̀.

Bí Raliat ṣe jókòó nìyẹn, tó kọ gbogbo àwọn nǹkan kéékèèké yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó kọ wọ́n dáadáa, tó kó wọn jọ sórí dísìkì kan. Ó sọ ọ́ ní Àjọlò. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń kọ prógíráàmù tuntun, tó sì dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ to orúkọ, kò tún ṣe wàhálà. Á kàn pe Àjọlò, Àjọlò á sì to orúkọ. Iṣẹ́ tó máa ń gba odidi ọ̀sẹ̀ wá ń parí kí oòrùn tó wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé lásìkò, èyí tó kó ìdààmú bá ìyá rẹ̀, Safurat, tó rò pé wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ tọrọ Àjọlò lọ́wọ́ rẹ̀ ni Elijah Akínpẹ̀lú. Òun àti Raliat jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, òun náà ló sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní Ilé Ìwòsàn Ìríran, ilé ìwòsàn ojú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Elijah kì í fẹ́ lo ohun tí ẹlòmíràn kọ. Nígbà tí Raliat kọ́kọ́ sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í wọ bàtà oníbàtà. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé àwọn aláìsàn tí wọ́n bí ní oṣù Kejì ń di ẹni àádọ́fà ọdún lórí ìwé. Elijah wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì.

"Bàtà yẹn," ló sọ, kò jókòó, "ṣé ó ṣì wà?"

Raliat ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún un, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kéré tán kì í ṣe lójú rẹ̀. Lẹ́yìn Elijah, ilé ẹ̀kọ́ méjì kan gbà á, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà gbà á. Nígbàkigbà tí Raliat bá fi ohun tuntun kún Àjọlò, á fi ẹ̀dà tuntun rán awakọ̀ sí gbogbo wọn, wọ́n á sì fi rọ́pò ti àtijọ́. Nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ.

Ọ̀kan lára iṣẹ́ Àjọlò ni kí ó ya oyè kúrò lára orúkọ. Bí wọ́n bá kọ "Alhaji Abdulkareem" fún un, á fi Alhaji sí ibi tí a ń kọ oyè sí, á fi Abdulkareem sí ibi tí a ń kọ orúkọ sí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo Alhaji ìlú Ọ̀yọ́ á tò sójú kan náà, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Alhaji, Alhaja àti Chief ló kọ́kọ́ mọ̀. Kò ṣe àṣìṣe lórí wọn rí.

Lọ́jọ́ kan, Ààrẹ Ọládépò, tí í ṣe alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gòkè wá sí ọ́fíìsì, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀rọ yín tò mí sáàárín àwọn Adébísí," ló sọ. "Ààrẹ loyè mi, Ọládépò lorúkọ mi. Ṣé oyè ni wọ́n fi ń to èèyàn ni?"

"Ẹ má bínú, sà," ni Alàgbà Bámgbóṣé wí. "Raliat, tètè bá Ààrẹ tún un ṣe."

Raliat tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Alága náà sì máa ń fi A kan ṣoṣo kọ oyè rẹ̀, nítorí náà A, R, E nìkan ni Ààrẹ lójú ẹ̀rọ. Raliat wá kọ ọ́ sínú Àjọlò pé bí orúkọ kankan bá ti fi A, R, E bẹ̀rẹ̀, oyè ni, kí ó yà á sọ́tọ̀. Ó dán an wò lórí orúkọ Ààrẹ Ọládépò. Ó jáde bó ṣe yẹ. Ààrẹ dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ sì kó ẹ̀dà tuntun lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń lo Àjọlò.

Kò sẹ́ni tó rántí pé A, R, E náà ló bẹ̀rẹ̀ Àrẹ̀mú.

Bàbá Àrẹ̀mú jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu ní Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ó kàn ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tó ṣú ni. Dókítà kan tó máa ń ṣí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Ilé Ìwòsàn Ìríran fún ọjọ́ kan péré. Ògúnfúnkẹ́, ìyàwó bàbá náà, ti mú un wá forúkọ sílẹ̀ ṣáájú.

"Kí lorúkọ yín, Bàbá?" ni akọ̀wé bi í.

"Àrẹ̀mú."

"Àrẹ̀mú kí ni?"

"Àrẹ̀mú Ìrẹsà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe mọ̀ mí."

Akọ̀wé tẹ ohun tó gbọ́. Elijah ti fi Àjọlò tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Àjọlò rí A, R, E, ó sì ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Káàdì tó jáde kà báyìí: Oyè, ARE. Orúkọ, MU IRESA.

Lọ́jọ́ tí dókítà dé, èrò kún orí bẹ́ǹṣì dé ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì tó ń pe orúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìpínlẹ̀ Bendel, kò tíì gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe ń pè é.

"Mu Iresa!" ló pariwo. "Mu Iresa!"

Bàbá Àrẹ̀mú fi ìgúnpá kan ìyàwó rẹ̀. "Ta ni wọ́n ní kó mu kí ni?"

Ògúnfúnkẹ́ wò yíká. "Ará Ìrẹsà kan ni. Ó jọ pé wọ́n fún un lóògùn, kò fẹ́ mu ún."

"Mu Iresa!" Nọ́ọ̀sì náà ti ń bínú.

Bàbá mi orí. Ó dùn ún. Ó ní gbogbo ibi tí òun bá dé, àwọn ará ilé ni kì í jẹ́ kí òun gbé ojú sókè. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún pè é, bàbá fúnra rẹ̀ dìde dúró, ó kọjú síbi tó rò pé àwọn èrò wà, ó gbé ohùn sókè: "Ìwọ ará Ìrẹsà yìí, jọ̀wọ́, mu ún! Tìtorí ojú ara rẹ ni!"

Àwọn tó wà nítòsí bá a bẹ ẹni náà. Ìyá kan ní bóyá oògùn ọ̀hún ló korò, kí wọ́n wá ṣúgà fún un. Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó fa igi lé káàdì náà, ó sì pe ẹlòmíràn.

Wọ́n jókòó títí tí bẹ́ǹṣì fi ṣófo. Dókítà jáde, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ògúnfúnkẹ́ wá dìde lọ bá akọ̀wé, akọ̀wé sì ní gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ti pè, ẹni kan ṣoṣo ni kò dáhùn. Ó fi káàdì náà han Elijah, tó ń kọjá lọ.

Elijah kà á. Ó tún un kà. Ó fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó ṣí wọn, ó so wọ́n pọ̀ lẹ́nu: "Are. Mu."

"Màmá," ló sọ, "kí ni bàbá ń jẹ́?"

"Àrẹ̀mú ni. Ṣé òun náà ló ti di ẹjọ́?"

Elijah dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ibẹ̀, ó ṣàlàyé. Ògúnfúnkẹ́ yíjú wo ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ó dìde, ó ń bẹ ara rẹ̀. Ó wà lójú mi báyìí, ó ń bẹ ara rẹ̀ pé kó mu oògùn." Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ wọ mọ́tò ìkẹyìn tó ń lọ sí Ìrẹsà.

Fóònù kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Elijah wọ bọ́ọ̀sì, ó dé Owódé, ó bá Raliat lórí ìjókòó pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó gbé ẹjọ́ tirẹ̀ wá. Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mọ tó wà lẹ́gbẹ́ wọn ti di MO. Wọ́n pe "Mo" nípàdé, kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ Mo.

Alàgbà Bámgbóṣé ti gbọ́ tó. "Mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ jó Àjọlò yẹn níná. Kí oníkálukú máa dá tirẹ̀ kọ."

"Oníkálukú á sì máa dá àṣìṣe tirẹ̀ ṣe, sà," ni Raliat fèsì. Ohùn rẹ̀ kò le. "Èyí, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ojú kan náà la ti máa tún un ṣe."

Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ìlà kan péré ló fi kún un: A, R, E kì í ṣe oyè àfi bí àlàfo bá tẹ̀ lé e. Ó dán an wò lórí Àrẹ̀mú, ó dán an wò lórí Àrẹ̀mọ. Orúkọ wọn jáde ní pípé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, tí kò tíì mọ̀ pé àwọn ní ìṣòro, gba ẹ̀dà tuntun kí wọ́n tó rí i rárá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ dúpẹ́, ó lọ.

Elijah kò lọ.

"Bàbá náà ńkọ́?" ni Raliat bi í.

"Ó ti padà sí Ìrẹsà."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Bó ṣe wà náà ló wà."

Raliat wo ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó kéré. Ó rò ó pé ká ní òun fi orúkọ mẹ́ta péré dán an wò lọ́jọ́ tí Ààrẹ wá, bàbá yẹn ì bá ti máa ríran. Kò lè jẹun ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní kí Elijah lọ wádìí ibi tí dókítà náà tún ń lọ, ó sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ Alàgbà.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Ìrẹsà?" ni Alàgbà bèèrè. "Ṣé kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ ni?"

"Kò sí, sà. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Alàgbà Bámgbóṣé kò fẹ́ràn kí òṣìṣẹ́ sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fún un lówó ọkọ̀, ó sì ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òun àti Elijah bá Bàbá Àrẹ̀mú lábẹ́ igi ìṣin níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ tẹ iṣu ẹ̀gbodò kan wò bóyá ó ti jẹrà. Raliat kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Raliat ni mí, láti Ọ̀yọ́. Èmi ni mo kọ ohun tó gé orúkọ yín."

Ògúnfúnkẹ́ yọjú láti inú ilé. "Kí ló ń wá níbí? Ṣé ó wá gé èyí tó kù ni?"

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣàlàyé fún mi. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Raliat ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń ya oyè kúrò lára orúkọ, pé ó rí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá, ó sì rò pé Ààrẹ ni.

Bàbá gbé iṣu náà sílẹ̀. "Ó fi mí joyè, nígbà náà."

"Ó fi yín joyè, Bàbá. Ó wá fi ìyókù ṣe orúkọ yín."

"Ààrẹ Mu." Bàbá wọ̀n ọ́n wò lẹ́nu. "Ta ló wá wúyè náà?"

"Kò sẹ́ni tó wú u, sà."

"Ìyẹn ni mo ṣe ń bínú sí i," ni bàbá wí. "Oyè tí a kò pa àkùkọ kan fún."

Elijah kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Raliat kò rẹ́rìn-ín, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó sọ fún bàbá pé dókítà náà ń bọ̀ sí Ọ̀yọ́ kí oṣù tó parí, pé Elijah ti bá a sọ̀rọ̀, dókítà sì ti gbà láti kọ́kọ́ wo bàbá. Bí wọ́n bá gbà, ilé ìyá òun ni wọ́n máa dé sí.

"Ta ló máa pe orúkọ mi níbẹ̀?" ni bàbá bèèrè.

"Èmi fúnra mi ni, sà."

Ògúnfúnkẹ́ ti jáde tán. Ó wo Raliat látòkè dé ilẹ̀. "Pè é kí n gbọ́," ló wí.

"Bàbá Àrẹ̀mú," ni Raliat pè.

"Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un pè. Ògúnfúnkẹ́ wọlé lọ, ó gbé omi jáde fún wọn.

Wọ́n wá sí Ọ̀yọ́ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Safurat gbà wọ́n sílé ní Agúnpopo, ó sì fún wọn ní yàrá tirẹ̀. Kí ọjọ́ tó lọ, òun àti Ògúnfúnkẹ́ ti ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń gbo aró, iyàn náà sì dùn mọ́ àwọn méjèèjì débi pé wọn kò fẹ́ kó parí. Lọ́jọ́ tí dókítà dé, Raliat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe bàbá bó ṣe yẹ, bàbá dìde, ó sì wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe ojú kan tán, wọ́n sì ṣe èkejì nígbà tí dókítà tún padà wá, lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ ti jinná. Wọ́n fún un ní gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ojú àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó wò ó pẹ́. Ògúnfúnkẹ́ ní kí ló ń wò. Lẹ́yìn náà ni bàbá yíjú sí Raliat.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O kéré," ni bàbá wí. "Mo rò pé ẹni tó sanra ni."

Raliat kò jó Àjọlò níná. Alàgbà Bámgbóṣé pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí òun náà ti ń lọ sílé lásìkò. Ohun tó yí padà ni pé, kí Raliat tó fi ẹ̀dà tuntun rán ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ fi gbogbo orúkọ tó bá rí dán an wò. Ó ń bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó tì í nínú ọkọ̀. Ó dúró ní ẹnu ọjà Akẹ̀sán, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè orúkọ baba ńlá wọn, títí tí ọkùnrin kan fi bèèrè bóyá ìjọba ló rán an láti wá gba owó orí. Elijah náà ń bèèrè tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí òun àti Raliat fi máa ṣègbéyàwó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí orúkọ kan tí wọn kò tíì gbọ́ rí, èyí sì mú kó ṣòro fún wọn láti wá èyí tí wọ́n máa sọ ọmọ.

Bàbá Àrẹ̀mú padà sí Ìrẹsà. Gbogbo ọdún tí kò fi ríran, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń bá a ṣe oko, tí wọ́n sì ń jábọ̀ fún un lálaalẹ́ pé oko mọ́, pé ebè dúró dáadáa, pé iṣu ń ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó rìn dé oko fúnra rẹ̀. Ó dúró ní ààlà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Koríko ti ga dé ìbàdí rẹ̀, ẹran ẹnìkan sì ń jẹ láàárín ebè.

Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ sáré dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ewu ojú, Bàbá," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹ ti ń ríran dáadáa?"

Bàbá yọ gíláàsì, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún un wọ̀.

"Mo ń ríran," ló dá wọn lóhùn. "Ẹ lọ gbé ọkọ́ wá."